Ẹkún Golf Bàbá Ìbejì

Ẹnikẹ́ni tó bá ní mo máa ń sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ bá mi bi í bóyá òun náà kò dúró gbọ́ ọ. Fèrèsé mi ló kọjú sí géètì. Ojú mi sì ríran kedere, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí wá ni kí n fi ojú ọ̀hún ṣe tí ọkọ̀ bá ń kọjá? Kí n dì í?

Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ni mo ń bá bọ̀. Golf 2 ni. Láti 1983 títí di 1992 ni àwọn ará Jámánì fi ṣe irú rẹ̀, nítorí náà nígbà tí èyí fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lé lógún ọdún. Nígbà yẹn, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, wọ́n á gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ìjọba kò tíì fòfin dè é; ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni wọ́n tó ní mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò títí tó sú u, Bàbá Ìbejì ní tuntun lòun rà. A kí i kú oríire. Tòkunbọ̀ ni tuntun tiwa.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jáde wá wò ó. Wọ́n yí i po, wọ́n fi ọ̀pá gbá táyà, wọ́n ní Volkswagen lòun náà kọ́kọ́ ní láyé òun, Ìjàpá, èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Òótọ́ ni o, 1975 ni iléeṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò bẹ omi, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀ péré ló sì ń gbà. Ìtàn Ìjàpá yìí, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ lè lọ sọ́jà kí ẹ dé. Mo lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, wọ́n ṣì wà ní Lọ́kọ́ja nínú ìtàn náà.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kan náà ló fi sìmẹ́ńtì ṣe bọ́ǹpù sí ẹnu géètì wa, kí àwọn ọlọ́kadà má baà máa sáré wọlé. Bọ́ǹpù ọ̀hún ga. Ẹ fi sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Golf náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Họ́ọ̀nù nìkan ni kò dún, ńṣe ni Bàbá Ìbejì ń yọ orí jáde pariwo mọ́ ewúrẹ́. Ló bá pe ríwáyà kan, ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Iwájú fèrèsé mi ló ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ṣe họ́ọ̀nù tán, kò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó tẹjú mọ́ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà ọ́ìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé."

Wáyà kan ló dì mú. Wọ́n ti bó orí rẹ̀, wọ́n wé e mọ́ nọ́ọ̀tì kan lára irin ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì náà pinpin. Ó ní kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó tú u, ó fi orí tuntun sí i, ó dá a padà sórí súìṣì tó ni ín. Ó gba owó họ́ọ̀nù, ó lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lórí wáyà yẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Golf bú sẹ́kún.

Mo bi ọmọ náà léèrè lẹ́yìn náà, torí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní súìṣì méjì ló ń ṣọ́ agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì Golf 2. Ọ̀kan jẹ́ búráùn, orí hẹ́ẹ̀dì ló wà. Bí agbára ọ́ìlì kò bá tó 0.3 bar, òun ló ń tan iná pupa kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ya kẹ́tùlù tó ń kán sí. Èkejì funfun, ó wà nídìí fílítà, 1.8 bar sì lòun ń retí. Kì í dá sọ́rọ̀ ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ju nǹkan bí ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí agbára kò sì tó iye tó ń retí, kẹ́tùlù á máa ṣẹ́jú, nǹkan kan á sì máa ké pìì-pìì-pìì lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá yọ wáyà lórí súìṣì funfun yìí, tó wá so ó mọ́ irin, irọ́ ló ń pa fún ọkọ̀ pé agbára pé. Ọkọ̀ á gbà á gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ bí? Ẹnì kan ti gbọ́ ẹkún Golf yìí rí, ó sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu kó tó tà á.

Ta wá ni Ìyá Ìbejì dá lẹ́bi? Ríwáyà! "Kó tó fọwọ́ kàn án, ṣé ó ń ké?" Ó ní ó ti ki nǹkan bọ inú ọkọ̀ àwọn kí àwọn lè máa pè é padà wá. Ọmọ ọlọ́mọ tó ṣe oore ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí òkú kan ní Ìjẹ̀bú, ẹkún bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé Ṣàgámù. Kí ni Bàbá Ìbejì ṣe? Ó yí rédíò sókè. Àyìndé Barrister ń lé, Golf ń gbè. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi ń rọra sọ ọ́. Léèsì tuntun ló wọ̀ lọ sí òkú yẹn o. Ìyá Sùlíyà tó ta léèsì náà fún un láwìn ṣì ń bi mí di òní bóyá mo rí i. Mo ní n kò rí i.

Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn bí mi nínú, mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Tí iná pupa ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe "ẹ jẹ́ n rọra wà á délé". Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ló ń la àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n má baà fara kan ara wọn. Bí kò bá sí agbára lẹ́yìn ọ́ìlì, irin á máa jẹ irin, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti pọ̀jù. Bàbá Ìbejì ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Àràárọ̀ ló ń fa géèjì yọ, á fi àkísà nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á gbé e sókè han gbogbo ilé: "Ọ́ìlì rèé! Ó kún! Iná yẹn ló ń parọ́!"

Ọ́ìlì kún lóòótọ́. Kò tilẹ̀ sí àṣìṣe nínú bó ṣe ń wò ó: ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti sinmi. Ohun tí kò yé e ni pé kẹ́tùlù pupa kì í ka iye ọ́ìlì. Táńkì omi Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tó wà lókè yẹn, ṣé kì í kún? Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ tiwa nísàlẹ̀ kí ẹ wo ohun tó ń jáde. Omi wà lókè, kò dé ọ̀dọ̀ wa, owó omi sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣooṣù.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n lọ ra ọ́ìlì tó ki dáadáa, ẹkún á tán. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, ọ́ìlì kíki máa ń gbé agbára sókè díẹ̀, iná á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n á sì yára gbé ọkọ̀ náà tà fún ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n rà á, wọ́n dà á sí i. Golf tó jẹ́ pé ojú títì ńlá ló ti máa ń sunkún tẹ́lẹ̀, láti ìyànà ilé wa ló wá ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní Ìjàpá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan mẹkáníìkì. Ó gbọ́ ẹkún náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó dájọ́: bẹ́rìn ti jẹ, ọ́ìlì ń jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, agbára ò lè dúró. Kí wọ́n lọ gbé ẹ́ńjìnnì míì ní Géètì. Géètì Agodi n'Ìbàdàn ni mo ń wí, níbi tí wọ́n ti ń ta sípéà pátì, kì í ṣe géètì tiwa. Ìyá Ìbejì gbọ́ iye owó, ó wá ibì kan jókòó. Mo rò pé Ìyá Sùlíyà ló rántí.

N kò fẹ́ dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ò gbé ilé.

Mo ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, bẹ́rìn tó ti jẹ, ìgbà wo gan-an ló máa ń fi ara hàn?"

Ó ní, "Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tó sì ń mí jẹ́jẹ́ ni, Màmá. Iná á máa ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù, á kú."

Mo ní ó dáa. Mo ní láràárọ̀ ni Bàbá Ìbejì ń jẹ́ kí ọkọ̀ yìí mí lójú fèrèsé mi kó tó jáde, èéfín rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀wà mi, kò ké rí. Mo ní lálẹ́ tó bá dé láti Èkó, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná janjan, mègáàdì á ti sùn, ọkọ̀ á wà lẹ́nu géètì tí á máa mí, Bàbá Ìbejì á máa fun họ́ọ̀nù. Mo máa ń yọjú wo inú ọkọ̀ náà nígbà yẹn, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò bá a wá. Kẹ́tùlù yẹn kì í tàn. Ìgbà tó bá ń sáré nìkan ló ń sunkún.

Bàbá Ìbejì yí ojú padà wò mí nígbà tí mo dárúkọ àlejò. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ dákẹ́. Ó họ orí. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun sáré lọ yá géèjì olójú aago wá.

Wọ́n yọ súìṣì kan, wọ́n de géèjì sí ojú ihò rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kó tó dárúkọ ẹ́ńjìnnì, mo sì sọ fún un. Lára Golf yìí, tí ọ́ìlì bá ti gbóná dé 80°C, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí 2,000, ó kéré tán 2 bar ló yẹ kí géèjì kà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí, abẹ́rẹ́ dúró síbi tó dára. Wọ́n tẹ tọ́tù. Abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀, ó gbọ̀n, ó já wálẹ̀. Pìì-pìì-pìì.

Mẹkáníìkì ní bẹ́rìn kì í ṣe báyìí. Ó ní pọ́ǹpù ń fà, kò rí nǹkan fà. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Sọ́ọ̀mpù, abọ́ irin tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ló ti kó wọnú. Ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń mu ọ́ìlì kò jìnnà sí ìdí abọ́ yẹn, ó sì ní asẹ́ lẹ́nu. Irin tó kó wọnú ti lọ tì mọ́ asẹ́ náà, ó ku àlàfo tín-ín-rín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́, ọ́ìlì tó ń gba àlàfo yẹn kọjá tó o. Bó bá ń sáré, ebi ń pa á. Ọ́ìlì kíki Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kò sì lè tètè gba ibi híhá kọjá, òun ló jẹ́ kí ẹkún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìyànà.

"Bọ́ǹpù!" Bàbá Ìbejì ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Bọ́ǹpù yẹn ló ba ọkọ̀ mi jẹ́!" Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú ọ̀pá, wọn ò tíì wẹ̀wù tán. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé ilé olówó kékeré ń fi ẹ̀sùn kan sìmẹ́ńtì. Bàbá Ìbejì ní òun á gba owó òun nínú háyà. Gbogbo ilé jáde. Ẹ̀wà mi jóná díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀ nítorí ẹ̀wà.

Mẹkáníìkì ló parí ìjà láti abẹ́ ọkọ̀. Ó fi sùkúdíráfà họ ibi tó kó wọnú náà, ọ̀dà dúdú ń ṣí kúrò. Lábẹ́ ọ̀dà, ìpẹtà tó ti pẹ́. Wọ́n ti fọ́ abọ́ yẹn níbòmíràn, ó ti dógùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kùn ún kó lè máa dán. Bọ́ǹpù tiwa kì í kun ọ̀dà. Bóyá ọwọ́ tó kùn ún náà ló wé wáyà mọ́ irin, n kò lè búra, torí ọwọ́ tó di ọkọ̀ yẹn mú kó tó dé Ìbàdàn pọ̀. Mo kàn mọ̀ pé nọ́ńbà ọkùnrin tó tà á kò lọ mọ́.

Sọ́ọ̀mpù míì ni wọ́n rà ní Géètì, pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì àti fílítà tuntun. Wọ́n fọ asẹ́ pọ́ǹpù, ìdọ̀tí dúdú tó dì mọ́ ọn ò kéré. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà bèèrè ni wọ́n dà sí i, kì í ṣe ti Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Owó gbogbo rẹ̀ kò súnmọ́ owó ẹ́ńjìnnì rárá. Wọ́n tẹ tọ́tù, abẹ́rẹ́ kọjá 2 bar, ó dúró síbẹ̀, wáyà sì wà lórí súìṣì funfun rẹ̀. Golf ò ké.

Mo ní kí Ìyá Ìbejì lọ bẹ ríwáyà. Ó ní họ́ọ̀nù ti tún kú.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló jèrè jù. Wọ́n ní níwọ̀n bí bọ́ǹpù àwọn kò ti jẹ̀bi, àwọn á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì lé sìmẹ́ńtì. Ní báyìí, tí Golf bá dé ẹnu géètì, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ kí abẹ́ rẹ̀ lè ga díẹ̀ kọjá. Mègáàdì á gbé Táíwò, Ìyá Ìbejì á gbé Kẹ́hìndé. Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro àti léèsì yẹn, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, Ìyá Sùlíyà rèé níwájú rẹ̀. N kò mọ ẹni tó sọ fún obìnrin náà pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń jáde lọ ṣọ́ọ̀ṣì.