Ta Ni Yóò Ṣe Júdásì?

Ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàgámù ti kéde eré méjì: ti Àjíǹde àti ti Kérésìmesì. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ọ̀fẹ́ náà sì ni àwọn òṣèré.

Wàhálà ẹni tí kò gbowó ni pé ẹ ò lè bá a wí. Áńgẹ́lì méje ló ti forúkọ sílẹ̀; Júdásì kò tíì yọjú. Bọ̀dá tó ṣe é lọ́dún tó kọjá ti jáwọ́, ó ní láti ìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kí òun di owó àjọ mú mọ́. Hẹ́rọ́dù ń ta obì. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ ìdánrawò, àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù sinmi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré wa o. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú, nígbà tó gbé eré ṣọ́ọ̀ṣì jáde l'Ékòó ní 1944. Nígbà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó ń wá òṣèrébìnrin tí yóò máa gbowó oṣù, wọn ò dá a lóhùn, àfìgbà tó kéde pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Nígbà tó yá, ó kúkú ń fẹ́ wọn níyàwó, kí wọ́n má baà sá lọ.

Mo dábàá ọgbọ́n ìkẹyìn yìí nípàdé. Ìyá Ìjọ wò mí títí.

Èmi ni Júdásì ọdún yìí.