Wọ́n Ní Ọmọ Ìyá Onígàrí Ti Di Àgbà Awo

Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ ò tíì gbọ́? Ọmọ Ìyá Onígàrí tó lọ wáṣẹ́ l'Ékòó ló tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan: "Maami, e ba mi dupe, mo ti di agbawo." Ojú Ìyá ò ríran kàwé mọ́, ló bá gbé e fún Bàbá Tísà. Ẹ mọ Bàbá Tísà, kò sí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní ṣàtúnṣe sí. Ó ní ọmọ náà gbàgbé "a" kan, ó bá a fi í síbẹ̀, ó wá fi ohùn rara kà á: "Mo ti di àgbà awo!"

Yéè! Ìyá Onígàrí kẹ̀? Ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" ló fi ń dáhùn! Ó káwọ́ lérí, ó ní ọmọ tí ò tíì hu irùngbọ̀n, àgbà awo ibo?

Àṣé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọmọ ń sọ. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Tísà ọ̀hún ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbóúnjẹ fúnni jù. Nígbà tiwọn, bọ́ì ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún òyìnbó. Lọ́jọ́ kan, ó lọ jókòó ní búkà alámàlà, ó ké sí ọmọbìnrin tó ń bu ọbẹ̀: "Bọ́ì!" Ọmọ yẹn ò fèsì o. Eegun ló kó sábọ́ fún un, gbẹ̀gìrì ṣe wíńníwín lórí ewédú. Láti ọjọ́ náà, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o" ló ń kí ọmọ tó lè bí lọ́mọ-ọmọ. Ta ló ń bá ẹni tó di ìgbákọ mú jà? Àwọn Faransé pàápàá, "garçon", ìyẹn ọmọkùnrin, ni wọ́n ń pe àwọn agbóúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, "monsieur", ìyẹn ọ̀gbẹ́ni, ni wọ́n sábà ń pè wọ́n.

Kí ni mò ń sọ ná? Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Onígàrí. Wọ́n bá pe ọmọ. Ó ní: "Màámi, àwo ni mo ń gbé o, àwo oúnjẹ! Agbáwo! Wétà!"

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Wétà? Ìwọ tí mò ń bẹ̀ kó o gbé abọ́ tó o fi jẹun kúrò nílẹ̀?"

Bàbá Tísà ti já fóònù gbà: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ fi ẹran kún ẹran fún èèyàn ẹni?"