Àárẹ̀, Kábíyèsí Orí Ẹní

Àárẹ̀ o, kábíyèsí!
Àárẹ̀ tí í gbé Ààrẹ dálẹ̀ lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.
Agbéni-jókòó-má-fúnni-lóyè.
Adánidúró-lẹ́bàá-àtẹ̀gùn.
O dé Kakpagyili níhìn-ín, ní Tamale, o ò júbà Naa tó jẹ́ ọba, o ò kí ìmáàmù, o gba ẹnu ọ̀nà àgbà wọlé bí onílé.

Kábíyèsí, ọba ti ń bẹ ní ilẹ̀ Dagbon yìí kí o tó dé. Orí awọ ẹran ni wọ́n ń jókòó sí, ti Ya-Naa ní Yendi ló sì ga jù. Ìwọ ò bèèrè awọ. Ẹní tó ti ya létí ti tó ọ. Lunga ni àwọn onílù fi ń kì wọ́n, ìlù tó jọ gángan wa gan-an. Orúnkún àgbà ni ìlù tìrẹ. Bí bàbá bá fẹ́ dìde kírun àsúbàá, tí eegun rẹ̀ ró kẹ́kẹ́kẹ́, kábíyèsí ti jáde nìyẹn.

Ọ̀gágun ni ọ́. Ní ọjọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Tamale, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìgbòho, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìgbẹ́tì, di ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n gbé e rù, wọ́n gbé e sọ̀, ẹsẹ̀ wọn ò yẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà náà ti kọjá 70 báyìí. Agbára tí òfin Busia ò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ fi ẹyọ àtẹ̀gùn mẹ́ta gbà á. O ò tilẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo yìn jù lára rẹ ni ọgbọ́n tí o fi ń jẹun. Ọ̀wọ̀ ni oúnjẹ rẹ. Àgbà gbé ọkọ́, ọmọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ sí korobá omi, ìyàwó ọmọ ti kúnlẹ̀: “Bàbá, ẹ jókòó.” Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Aboabo, ọmọ-ọmọ ti gbé máṣíìnì dé. Gbogbo ilé ń ṣìkẹ́ bàbá, wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń ṣìkẹ́. Láti nǹkan bí 30 ọdún ni iṣan ara ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yá sí i lẹ́yìn 60. Ìjókòó ló ń bá ọ kó o. Bí wọ́n bá gbé tuo zaafi àti ọbẹ̀ ayoyo wá, tí ẹran awó wà nínú rẹ̀, àgbà a yọ ẹran fún ọmọdé, a fi ọbẹ̀ gbé tuo mì. Ẹran yẹn ni ì bá fi tún iṣan ṣe. Ọmọdé yó, àgbà ṣoore, ìwọ sanra.

Wàyí o, oríkì kì í pé láìdárúkọ baba. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ní Ogbó ló bí ọ. “Ogbó ni,” wọ́n á wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ra ìgò bítà kan fi rúbọ sí ọ, ọ̀rọ̀ tán. Baba tí wọ́n yá fún ọ yìí gbè ọ́ púpọ̀, nítorí kò sẹ́ni tí í gbé ogbó lọ sílé ìwòsàn. Jẹ́ kí n tú ìran rẹ fún ọ.

Ọmọ Ẹ̀jẹ̀-ò-tó ni ọ́. Ìnira ẹ̀yìn mú bàbá, ó ń ra oògùn ìrora lójoojúmọ́, ó ń gbé e mì lófìfo inú. Oògùn dá egbò sí i nínú, egbò ń sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbẹ́ dúdú kirimú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ló ń ròyìn ìgbẹ́? Ọkùnrin tí hẹmoglobíìnì rẹ̀ kò tó 13 g/dL, obìnrin tí tirẹ̀ kò tó 12, ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé. O ń bẹ níbẹ̀, o ń ṣẹ́jú.

Ọmọ Àtọ̀gbẹ ni ọ́, ìbátan ẹṣẹ́ prọ́sítéètì tí í jí bàbá láti tọ̀ lóru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ Piriton, tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, tí í mú àgbà tòògbé lọ́sàn-án. Àbúrò Ìbànújẹ́, tó bá opó jókòó lẹ́yìn tí èrò ìsìnkú ti tú ká. Ọmọ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì inú ọrùn, tó bá dẹwọ́ iṣẹ́, ìyá àgbà á máa bèèrè aṣọ ìbora ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí oòrùn Tamale ń sún mọ́ 40. Oòrùn yẹn pàápàá, ìbátan rẹ ni: òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà, omi ti tán lára kó tó rántí ife.

Kábíyèsí, kí ló dé tí o ń yí ojú? Ìran ńlá mà ni. Òfin adójútòfò ìlera ní Ghana ní kí ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún má san owó adójútòfò. Káàdì wà lábẹ́ ìrọ̀rí àgbà, ìwọ lo sùn lé e.

Arọ́kin kì í kì ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Owó mi dà? Má fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá o. Ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn ni kí o fi rán sí mi.