Síkẹ́ẹ̀tì Ìyá Alákàrà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà síbí. Ìyá Alákàrà ni! Ta ló tún kù ní Pobè yìí?

Ẹ ṣáà rí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Èkó dé. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀! Ṣòkòtò rẹ̀, "tight" ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n jọ "tight" ni. Ó wá yá owó lọ́wọ́ mi, ó ní nǹkan "tight". Àwa tí Faransé la kọ́ níléèwé, "serré" la mọ̀, aṣọ àti bàtà la sì ń fi bú. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ọ̀rẹ́ ń serré?

Òun ló lọ sọ fún aránṣọ pé kó rán síkẹ́ẹ̀tì ìkómọ àǹtí òun ní "tight". Ẹ mọ aránṣọ yẹn, kì í jiyàn. Bàbá rẹ̀ kọ́ o! Bàbá yẹn á kọ́kọ́ rẹ àǹkárá sómi kó tó gé e, nítorí òwú máa ń sún kì. Á tún fi aṣọ ìka mẹ́ta sílẹ̀ lójú rírán, kéèyàn lè tú u bó bá bímọ tán. Ọmọ rẹ̀ ò rẹ ẹ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá wa sì lọ fọ̀ ọ́ nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la!

Ilẹ̀ mọ́, zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, dé, kò ṣeé gùn. Ẹ̀gbẹ́ ni Ìyá fi jókòó títí dé Sakété níbi ìkómọ náà, tí ọlọ́kadà ń bi í bóyá ẹyin ló gbé sítan. Wọ́n gbé àmàlà dé. Òkèlè kìíní, ó lọ. Èkejì, ó lọ. Ẹ̀kẹta ló ku díẹ̀ kó dé ọ̀fun, la bá gbọ́ fàà! Onígángan rò pé wọ́n ń kì í ni, ló bá dáhùn kíá, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyàwó kan sáré yá a ní ìró. Ó ró o, ó tú u díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n bu àwo mìíràn wá.

Ní báyìí, tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ aránṣọ náà, àga ló kọ́kọ́ ń gbé fún obìnrin. Ó ní kí wọ́n jókòó kí òun tó wọn ìdí wọn. Ìyá Alákàrà ní kò tó o, kó máa bu oúnjẹ sí i.