Lẹ́tà Ṣíṣí sí Baba Asofẹ́yẹjẹ

Baba wa Asofẹ́yẹjẹ,

Ẹ kú ìdúró etí igbó o. Ewé ńkọ́? Egbò ńkọ́? Àwọn ẹyẹ tó ń ṣa èso pupa yín jẹ, ṣé wọ́n ṣì ń yà kí yín? A dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó la ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí bí a bá pè yín sí kọ̀rọ̀, ńṣe ni ẹ máa ń díbọ́n bí igi lásán. Ẹ̀yin ará tó ń kà á, ẹ jókòó, ẹ bá wa dá sí i.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ dákẹ́ jù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń hú egbò yín fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n sè é, wèrè tó ti ń kígbe láti àná á sì sùn. Ẹ ṣe gbogbo èyí, ẹ kò wí nǹkan kan. Ìbátan yín tó wà ní Íńdíà, tí kò tiẹ̀ ga tó èèyàn, kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ní 1931, dókítà méjì níbẹ̀, Sen àti Bose, kọ̀wé pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń tu orí tó dàrú lára. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ agbára inú egbò rẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Lẹ́yìn èyí ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé reserpine pọ̀ nínú egbò tiyín ju tirẹ̀ lọ! Àwọn oníṣòwò oògùn wá ń rù yín lọ láti Áfíríkà. Kódà nílé níbí, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ń da iṣẹ́ ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ ti oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ló kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 1960. Àlejò ló ń ròyìn yín. Ẹ kú ìtìjú.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù. Gbogbo wa rò pé ẹ ń tún ọpọlọ ṣe ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Baba? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn: dopamine, serotonin, noradrenaline. Inú àwọn àpò tíntìntín ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí di ìgbà tí wọ́n bá nílò wọn, ohun kan sì wà lára àpò náà tó ń kó wọn wọlé. Ohun yẹn gan-an ni reserpine yín máa ń dì mú, tí kò ní tú u sílẹ̀. Kẹ́míkà tí kò ríbi wọ̀, ẹ́ńsáìmù á jẹ ẹ́ run. Ìṣe ẹni tó ti ilẹ̀kùn àká pa nígbà ìkórè, tó fi iṣu sílẹ̀ fún ewúrẹ́, lẹ ń ṣe nínú orí ọmọ ènìyàn. Òótọ́ ni pé wèrè náà dákẹ́. Kí ni ì bá tún fi pariwo, nígbà tí ẹ ti sọ àká rẹ̀ dòfìfo?

Ẹ̀sùn kẹta: ẹ kì í mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò lọ. Èèyàn lè ti jáwọ́ lára yín, kí ọjọ́ mélòó kan kọjá, kí iṣẹ́ yín ṣì wà lára rẹ̀, torí ó dìgbà tí ọpọlọ bá ṣe àwọn àpò tuntun kí ara tó padà bọ̀ sípò. Títí dìgbà náà, imú á dí, ìgbẹ́ gbuuru á máa yọni lẹ́nu, òòyì á máa kọ́ni bí a bá dìde lójijì. Ara àwọn mìíràn á gan, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn kan tó gba reserpine nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kó ìbànújẹ́ ọkàn tí wọn kò bá wá lọ sílé. Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, inú dídùn náà bá a wálẹ̀. Abájọ tí oògùn wèrè mìíràn tí wọ́n ń pè ní chlorpromazine àti àwọn àbúrò rẹ̀ fi gba ipò lọ́wọ́ yín ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀sùn kẹrin: ẹ kò ní òṣùwọ̀n. Ìdámẹ́rin mílígíráàmù reserpine lójúmọ́ ti tó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú ìgò àgbo, ta ló ń wọ̀n ọ́n? Agbára egbò igi kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, síbẹ̀ ife kan náà ni wọ́n ń bù fún gbogbo èèyàn, ẹ sì ń wò wọ́n.

Kí n má jẹ́ aláìmoore, mo rántí oore kan. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine. Wọ́n rọ síbẹ̀, wọn kò lè mira. Ó fún wọn ní L-dopa, èyí tí ọpọlọ ń fi ṣe dopamine, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là tí a fi mọ̀ pé àìtó dopamine ló wà nídìí àrùn Parkinson, L-dopa náà sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ dòní. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ẹ wò ó, Baba: jàǹbá tí ẹ ṣe ni a fi rí ìwòsàn. Olùkọ́ ńlá ni yín. Oníṣègùn ni n kò tíì gbà pé ẹ jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń kà á, bí ẹ bá ń mu àgbo fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fún orí, ẹ bèèrè egbò tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà yín kó tó kọ oògùn mìíràn lé e. Baba Asofẹ́yẹjẹ kò ní sọ ọ́ fún yín.