Ẹja Mi Jẹ Ẹja Mi Lójú Àlejò

Ẹ má bi mí ìdí tí ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbé ní Vridi, tí òkun wà ní iwájú rẹ̀ tí ọ̀sà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, fi tún lọ ra ẹja tí yóò máa wò. Ìyàwó mi ti bi mí, mi ò sì rí èsì fọ̀. Òyìnbó kan tó ń kó lọ ló ta àpótí gíláàsì náà fún mi ní ẹ̀dínwó, èyí tó ń gba omi lítà 120. Mo gbé e sí pálọ̀, mo pọn omi ẹ̀rọ kún un, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, mo ti wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹja lẹ́bàá títì.

Ọmọkùnrin yẹn mọ ọjà tà. "Tonton," ó ní, "gbogbo wọn ló ń jọ gbé, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ ìyá ni wọ́n." Ó di àwọn gọ́pì sínú ọ̀rá fún mi, àwọn ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín tí ìrù akọ wọn aláràbarà ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó di ẹja oníwúrà méjì. Ó di ẹja dúdú kan tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ní èyí ni yóò máa gbálẹ̀ fún àwọn yòókù. Ó wá fi agolo oúnjẹ kan ṣoṣo lé e. Àwòrán oríṣiríṣi ẹja ló wà lára agolo náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà fi tèmi kún un. Ọmọdé kan láti Zimbabwe, ibùdó àwọn apẹja tó wà ní Vridi wa níbí, gbé ike wá: epìyà méjì láti inú ọ̀sà Ébrié, pẹ̀lú ẹja kan tó rẹwà jọjọ, aláwọ̀ ewé, tí àmì dúdú márùn-ún tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gùn tó ìka àárín mi. Ó máa ń dúró jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀, á máa wo gbogbo ilé. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé.

Láìpẹ́, omi funfun báláú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ìyà ló kọ́ mi. Inú omi tí ẹja ti ń jẹun náà ló ti ń tọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń mí. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ni ammonia, májèlé gidi ni. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n ń gbé inú fóòmù asẹ́ àti ara òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi. Àwọn kan ń sọ ammonia di nitrite, májèlé ṣì nìyẹn, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn lè máa dínkù nípa pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi. Àpótí tuntun kò ní wọn. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́. Èmi ti da gbogbo ẹja sí i ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí fóòmù sì dọ̀tí, èmi tí wọn kò tọ́ dàgbà nínú ìdọ̀tí, mo fi omi Javel fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní, mo sì fi bẹ́ẹ̀ pa ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Gọ́pì díẹ̀ bá ọ̀ràn náà lọ. Mo pààrọ̀ omi, mo ra gọ́pì mìíràn, ọmọkùnrin títì yẹn sì bá mi kẹ́dùn bó ṣe ń gba owó.

Ìpàdé àwa ọmọ Èjìgbò máa ń yí láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ wá sí Abidjan, àti pé Faransé kì í ṣe àlejò lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Nígbà tó kan ilé mi, mo pinnu pé ẹja ni màá fi gba àlejò. Mo ti ṣàkíyèsí pé ebi ló ń mú kí ẹja kí ènìyàn: bí ebi bá ń pa wọ́n, tí wọ́n rí ọwọ́ rẹ, gbogbo wọn á sáré wá síwájú gíláàsì, wọ́n á máa jó. Nítorí náà, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti fún gbogbo ilé ní ààwẹ̀, kí ijó ọjọ́ Àìkú lè gbóná.

Pálọ̀ kún. Mo fi àga tó dára jù lélẹ̀ fún Bàbá Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà gan-an. Wọ́n ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá Alẹ́ja jókòó sápá kejì, àwọn tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Vridi kí n tó mọ ọ̀nà Abidjan. Ọmọ-ọmọ Bàbá Alága dúró ti gíláàsì, ó ti yan gọ́pì kan tí ìrù rẹ̀ jẹ́ búlúù, ó sọ ọ́ ní Princesse. Akọ ni. Mi ò jiyàn.

Mo dìde, mo ká agbádá lé èjìká. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo Abidjan. Ọmọ Burkina, ọmọ Mali, ọmọ Gánà, ọmọ Èjìgbò, a jọ ń gbé, a jọ ń jẹ, a ò bára wa jà. Ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ìlú yìí, èmi náà ti gbìyànjú rẹ̀ nínú omi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága mi orí. Ìyàwó mi, tó mọ̀ mí, wọ ilé ìdáná lọ.

Mo bu oúnjẹ, mo wọ́n ọn sójú omi. Àwọn gọ́pì ru gùdù lọ sókè, gbogbo ẹnu wọn wà lójú omi, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Akọ̀wé kúrò ní kọ̀rọ̀. Kò yára. Kò tilẹ̀ wo oúnjẹ tí mo wọ́n. Ó rìn dé abẹ́ Princesse, ó tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ síwájú lójijì, ó gbòòrò ju bí mo ṣe rò pé ẹnu ẹja yẹn lè gbòòrò lọ. A gbọ́ "pọ́!" Orí ti wọlé, ara ti wọlé, ìrù búlúù nìkan ló kù níta, ó ń mì tìtì. Akọ̀wé yíjú sí wa. Ó dúró síbẹ̀ tìrùtìrù, ó ń wo Alága, ó sì ń jẹnu díẹ̀díẹ̀, títí ìrù náà fi wọlé.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"Papi, ó ti jẹ Princesse!"

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu èmi baálé ilé jáde: "Wọ́n ń ṣeré ni."

Kò tíì parí lẹ́nu mi tí Akọ̀wé fi tún ṣeré pẹ̀lú òmíràn.

Mo ki ọwọ́ bọ omi, agbádá sì tẹ̀ lé ọwọ́. Mo ń lé Akọ̀wé káàkiri, òkúta ìsàlẹ̀ ń fò sókè, apá agbádá mi gbá agolo oúnjẹ, odindi agolo yí dànù sínú omi. Ẹnì kan pariwo pé iná wà nítòsí omi. Mo fa wáyà pọ́ńpù yọ lára ògiri. Ìyẹn nìkan ni ohun ọlọ́gbọ́n tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló sì kó bá mi.

Pọ́ńpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn kì í gbé inú omi. Ìta ló ń wà, rọ́bà tín-ín-rín ló ń gbé atẹ́gùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi. Bí iná bá wà, atẹ́gùn ń ti omi jáde kúrò nínú rọ́bà. Bí iná bá lọ, tí pọ́ńpù sì wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ, omi lè gba inú rọ́bà gòkè, kó ré etí gíláàsì kọjá, lẹ́yìn náà kò ní dúró mọ́, á máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn awakọ̀ fi ń fa epo láti inú táńkì náà ni. Ike kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà náà, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn lọ tí kì í jẹ́ kí omi padà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí kò bá rí i rà, kó gbé pọ́ńpù ga ju omi lọ, ó tán. Èmi kò ra ike, mi ò sì gbé pọ́ńpù ga. Nítorí pé ó ń kùn, mo ti fi í pamọ́ sílẹ̀, sẹ́yìn àga Bàbá Alága.

Bàbá Alága gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Wọ́n wo ìbọ̀sẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ìkejì. "Ta ló tọ̀ síbí?"

Gbogbo ojú wo ọmọ náà. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀! "Èmi kọ́!" ni ó ń ké, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a sọ ọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ti kúrò lẹ́ni tó ń tọ̀ sára. Mo mọ ibi tí omi náà ti wá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ.

Ìgbà yẹn ni epìyà kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹja yẹn ti kọ oúnjẹ, àgbọ̀n rẹ̀ sì wú. Èmi ti gbà pé eyín ló ń dùn ún, mo tilẹ̀ ti ń fi àtàǹpàkò lọ oúnjẹ kúnná fún un. Ó la ẹnu, nǹkan wẹ́wẹ́ tú jáde bí èéfín, nǹkan náà sì ní ojú, ó ń wẹ̀.

Ìyá Alẹ́ja kígbe, "Ọmọ ló gbé sẹ́nu!" Wọ́n ṣàlàyé pé akọ epìyà ọ̀sà wa yìí ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi di ọmọ, kì í sì í jẹun títí wọn yóò fi jáde. Àwọn obìnrin inú pálọ̀ yíjú sí ọkọ wọn. Kò sí àyè fún ìjíròrò, nítorí àwọn ẹlẹ́bi ọjọ́ Jímọ̀ ti dé. Akọ̀wé ń kó o lápá ọ̀tún, ẹja oníwúrà ń kó o lápá òsì, epìyà kejì, tí mo gbà pé òun ni ìyá ọmọ, náà kò gbẹ́yìn. Bàbá àwọn ọmọ ń sáré kiri, ó ń la ẹnu kó lè kó ìwọ̀nba tó kù padà.

"Bàbá Táíwò," Ìyá Alẹ́ja ní, "ta ló kó èyí mọ́ wọn? O ò wo ẹnu rẹ̀ ni?"

Mi ò wo ẹnu kankan. Ìyá Alẹ́ja sì fi ìka tọ́ka sí àwọn ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín ẹja sórí àwo. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ojú omi ló ti ń jẹ, gọ́pì nìyẹn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, oúnjẹ tó bá ń léfòó kò kàn án. Ebi ti ń pa agbálẹ̀ mi láti ọjọ́ tó dé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú, tó sì fẹ̀, ẹ má fi ohun tó bá gba ẹnu rẹ̀ sí ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Arákùnrin kan tí àna rẹ̀ ní adágún ẹja lápá Daloa fi tirẹ̀ kún un: àwọn àgbẹ̀ ẹja níbẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ kó irú Akọ̀wé sínú adágún epìyà ni, kó máa jẹ ọmọ wẹ́wẹ́ kí epìyà má baà pọ̀ jù. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é. Pálọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Alága, tí wọ́n ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́, ní kí n tún ọ̀rọ̀ Abidjan yẹn sọ, àwọn ò gbọ́ ìparí rẹ̀.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin títì yẹn kò tíì tán nínú mi. Omi tútù ni ẹja oníwúrà fẹ́, Abidjan kò sì mọ òtútù. Ó mọ̀, ó tà á. Agbálẹ̀ yẹn lè gùn kọjá 30 sẹ̀ǹtímítà, gbọọrọ ni ìgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tirẹ̀ sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ máa jù sísàlẹ̀ fún un lálẹ́. Ó mọ̀, ó ní yóò máa gbálẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà omi Vridi ní 1950 ni omi iyọ̀ òkun ti ń gba ẹ̀yìn ilé wa wọ inú ọ̀sà, epìyà ibẹ̀ sì lè gbé omi iyọ̀, ó lè gbé omi dídùn, ṣùgbọ́n ẹ da iyọ̀ bẹ́ẹ̀ lé agbálẹ̀ lórí, ẹ ó gbé òkú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ohun ẹlẹ́mìí, tó ń sọ pé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kú kí n padà wá rà ni. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń sọ fún mi pé "ṣebí ẹja lásán ni, ìgbà wo la máa dín in," ẹ jọ̀wọ́, ó tó.

Mo ti gbé epìyà méjèèjì àti ọmọ tó kù padà sí ọ̀sà. Àwọn oníwúrà àti agbálẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní àpótí tó tóbi ju tèmi lọ. Mo ra Princesse kejì fún ọmọ-ọmọ Bàbá Alága, nínú àpótí tirẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Akọ̀wé nìkan ló kù, ó ń jẹ edé lọ́wọ́ mi, ó ti sanra. Ẹni tó bá ní adágún epìyà tó ń bímọ jù, kó wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Kó mú ike ọlọ́mọrí wá, nítorí ó máa ń fò, kó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé.