Afẹnugòkè, Ẹni Tí Ń Fi Ìkọ́ Ẹsẹ̀ Jiyàn

Nínú gbogbo irú ènìyàn tí ìgbà òtútù máa ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ àwọn òkè ńlá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti Wyoming àti Montana títí dé British Columbia, kò sí èyí tí ó yẹ fún àkíyèsí tó Afẹnugòkè, ìyẹn ọkùnrin tí ó ti fi ẹnu gun gbogbo òkè àgbègbè náà tán kí ó tó di pé ó sọ alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí ó gbé e wá. Ọjọ́ orí rẹ̀ sábà máa ń lé ní ogójì, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀nba, aṣọ òtútù rẹ̀ sì bá àwọ̀ alùpùpù rẹ̀ mu, láti orí akoto dé orí ìbọ̀wọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ẹni tí ó bá ń wá a yóò ti rí i láìṣe àṣìṣe, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò rẹ̀. (Ẹ̀yà rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òjò dídì kì í dé rárá, ohun tí wọ́n fi ń jiyàn níbẹ̀ ni ó yàtọ̀.)

Alùpùpù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ń fi táyà rìn. Snowmobile ni àwọn tí ó ni ín ń pè é: pátákó pẹlẹbẹ méjì ni ó fi ń yọ̀ níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan tí ó ní eyín, tí ó sì ń yí bí ẹsẹ̀ katapílà, ni ó ń tì í láti ẹ̀yìn. Joseph-Armand Bombardier, ọmọ Valcourt ní Quebec, ni ó gbé irú rẹ̀ tí ó fúyẹ́ jáde fún títà ní 1959 pẹ̀lú orúkọ Ski-Doo, àwọn míṣọ́nnárì àti ọdẹ tí òjò dídì ń há mọ́ sì wà lára àwọn tí ó ní lọ́kàn nígbà náà, kì í ṣe àwọn tí ń wá fàájì kiri. Èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni bẹ́líìtì rẹ̀ gùn jù, ó lè tó ínǹṣì 165, eyín rẹ̀ sì lè ga ní ínǹṣì 3, kí ó baà lè léfòó lórí òjò dídì jíjìn tí kò tíì ki. Ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ kílò 200, iye rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun sì ju 15,000 dọ́là lọ. Afẹnugòkè mọ gbogbo iye wọ̀nyí lórí bí akéwì ààfin ṣe mọ oríkì. Àmọ́ oríkì ni ó mọ̀, òun àti ọba kò tíì fojú kojú.

Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì alùpùpù náà ni pátákó ìtẹsẹ̀ wà, tí wọ́n dá ihò sí lára kí òjò dídì lè máa gba ibẹ̀ jábọ́, tí etí àwọn ihò náà sì rí ṣákaṣàka kí bàtà má baà yọ̀. Ìkọ́ ẹsẹ̀ ni irin tàbí okùn líle tí a dè mọ́ pátákó yìí, tí ẹni tí ń gun alùpùpù yóò ti iwájú bàtà bọ abẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ṣin ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ irin tí ó so rọ̀ lára gàárì. Ìbéèrè tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kò ju bóyá ohun èlò yìí wúlò lórí òkè lọ. Gbólóhùn méjì ni ẹni tí ó mọ alùpùpù gùn fi ń dáhùn rẹ̀. Afẹnugòkè a fi òwúrọ̀ kan gbáko dáhùn rẹ̀, pàápàá jùlọ bí ẹni tí ó béèrè bá ti ń wo aago.

Ó gbà, ó sì ń kọ́ ẹlòmíràn, pé ènìyàn àti alùpùpù gbọ́dọ̀ di ara kan ṣoṣo, pé ẹsẹ̀ tí kò ní ìkọ́ dà bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀, àti pé àwọn tí ń gun òkè láìsí ìkọ́ kò tíì rí àǹfààní láti lóye. Láàárín ọdún méjì, ìkọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti dè mọ́ alùpùpù rẹ̀, ó sì lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kùnà, bóyá bóòtù rẹ̀ ni ó kúrú tàbí irin rẹ̀ ni ó tẹ́jú jù, bí ẹni pé ó ti dán wọn wò nínú ewu. Rúlà ń bẹ nínú àpò aṣọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Nígbà tí alùpùpù bá fò kọjá gegele, tí ó sì kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ a máa fẹ́ gbéra kúrò lórí pátákó, ìkọ́ a sì dá a dúró. Nígbà tí ènìyàn bá dojú kọ òkè gangan, ẹsẹ̀ a máa yọ̀ padà sẹ́yìn, ìkọ́ a sì ràn án lọ́wọ́. Lórí òkè Snow King ní ìlú Jackson, Wyoming, níbi tí wọ́n ti ń fi alùpùpù díje ìgun-òkè láti 1976, kò sí ẹni tí yóò fi ẹni tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kúrò lójú kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n gígun òkè ní gbangba, láàárín igi àti àfonífojì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí a dojú kọ ọ́ gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n sábà máa ń gbà, alùpùpù tí ó bá sì tẹ́ pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ òkè yóò yọ̀ lọ sísàlẹ̀ tàbí kí ó yí gbirigbiri. Nítorí náà, bí òkè bá wà ní apá òsì, ẹni tí ń gùn ún yóò yí ọwọ́ alùpùpù díẹ̀ sí ọ̀tún, ìyẹn sí ìsàlẹ̀, yóò fa alùpùpù náà sára kí ó lè fi etí òsì rẹ̀ gé inú òjò dídì, yóò sì kó gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí pátákó òsì nìkan. Ọ̀pọ̀ ni ó tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró lórí pátákó òsì náà, tí ẹsẹ̀ òsì yóò sì máa fì lẹ́yìn ní òfuurufú bí ìrù, ìdúró tí a lè pè ní ẹsẹ̀ òdì. Bí ọ̀nà bá yí sí apá kejì, ẹsẹ̀ pẹ̀lú yóò pààrọ̀ ipò, ìṣẹ́jú kan kò sì ní í pé tí yóò tún pààrọ̀. Ijó ni, ẹsẹ̀ tí a fi ìkọ́ há mọ́lẹ̀ kò lè jó o.

Ó kù síbẹ̀. Òjò dídì a máa rọ́ sínú ìkọ́ náà, a sì dì gbagidi, tí bàtà kì í fi í rí ọ̀nà wọlé nígbà tí a bá ń wá a, tí èyí tí ó sì ti wọlé tẹ́lẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde nígbà tí ó yẹ kí ó sá. Bí alùpùpù bá wá ń yí lọ, ẹsẹ̀ tí kò lè yọ ara rẹ̀ yóò bá kílò 200 náà lọ, ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún ni yóò sì san owó ọkọ̀.

Gbogbo àlàyé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kan Afẹnugòkè, ìdí rẹ̀ sì ni pé ìjókòó ni ó ń gun ti ẹ̀. Ẹni tí kì í dìde kò ní ẹsẹ̀ tí yóò pààrọ̀. Ní Togwotee Pass ní Wyoming, ibi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9,658, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì lásán a máa pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ, nítorí bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Afẹnugòkè ti ra túbò, ẹ̀rọ tí ń fi agbára fún afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, láti fi wá ojútùú sí èyí. Ṣọ́ọ̀bù tí ń ta irú rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró ni kò tíì rí. Bákan náà ni ó ní ẹ̀rọ kékeré tí ń ké lórí 457 kHz kí wọ́n lè wá ènìyàn rí lábẹ́ òjò dídì tí ó bá ya lulẹ̀, ó sì ní ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún ilẹ̀ wá a, pẹ̀lú bébà iye owó lára wọn síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí òkè iwájú ṣe dagun tó, bóyá ó wà láàárín dígírì 30 sí 45 tí òjò dídì sábà máa ń ti ya, yóò dáhùn pé ìbéèrè tí ó dára gan-an ni, yóò sì padà sórí ìkọ́.

Ẹni tí ó ń bà á nínú jẹ́ jù ni ọmọdébìnrin olóko màlúù tí alùpùpù rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá, tí pátákó ìtẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ létí, tí kò sì ní ìkọ́ kankan. Afẹnugòkè a gbà á nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí bàbá. Ọmọ náà a tẹ́tí sílẹ̀, a mi orí, a dúpẹ́, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, a sì wọ akoto rẹ̀. Kí bàbá tó dé orí ìkọ́ kejì nínú mẹ́ta, ipa bẹ́líìtì ọmọ náà ti tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè bí okùn tí a fà.

Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, Afẹnugòkè pẹ̀lú a gbéra. A gba pápá tí ó wà lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, a sì ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ìkọ́ dáadáa. Ibi tí òjò dídì bá ti rọ̀ díẹ̀ ni alùpùpù náà a ti rì lápá òsì, a fì, a sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí màlúù tí ó yó, olówó rẹ̀ a sì bá a dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìkọ́, títí àwọn tí ń jẹun lẹ́bàá ọkọ̀ wọn yóò fi wá gbé ọ̀kan kúrò lórí èkejì. Ẹ̀rín kò gbọdọ̀ yọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí àlàyé ń bọ̀: ínǹṣì méjì ni mẹkáníìkì fi de ìkọ́ náà síwájú jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sanwó fún ìkọ́ kẹrin, èyí tí ó ní sípíríǹgì tí ń ṣí fúnra rẹ̀, ó sì ti gbé ti àtijọ́ síta fún títà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kò tíì lò, èyí tí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìpínlẹ̀ Idaho ni ẹni tí yóò rà á ń gbé, ọkùnrin kan tí ó ti mú rúlà, tí ó sì ti ń wọn pátákó ìtẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè é.